Ọjà tòkunbọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì: kí ló dé tí owó ọkọ̀ fi ń ju owó ọjà lọ?

Akọrin Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Dùrù kíbọ́ọ̀dù ni mò ń wá fún ẹgbẹ́ akọrin wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rí Yamaha PSR-E373 kan lórí eBay, àlòkù tó ṣì mọ́ tónítóní, ẹni tó ń tà á wà ní Manchester. £90 ló pè é. Bí mo ṣe fi àdírẹ́sì Ìbàdàn sí i báyìí, owó ìfiránṣẹ́ fò sókè, ó kọjá owó dùrù fúnra rẹ̀. Mo sì ti wo ìwọ̀n rẹ̀ lórí ìkànnì iléeṣẹ́ tó ṣe é: kílò 4.6 péré, láìka bátìrì. Ta ló ń ṣírò owó yìí, kí ló sì ń ṣírò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ ra tuntun ní Lagos. Mo ti béèrè iye rẹ̀, mo sì ti wá ibi jókòó sí.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ káàbọ̀ sà. Dùrù kọ́ ni wọ́n ń ṣírò, páálí ni.

Àwọn tó ń fi bàálù kó ẹrù dé ẹnu ọ̀nà, bíi DHL, FedEx àti UPS, ìwọ̀n méjì ni wọ́n ń wò. Àkọ́kọ́ ni ohun tí ẹrù wọ̀n lórí òṣùwọ̀n. Ìkejì ni àyè tí ó gbà nínú bàálù. Wọ́n á fi sẹ̀ǹtímítà wọn gígùn, ìbú àti gíga páálí, wọ́n á sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ lára wọn, wọ́n á wá fi 5,000 pín in. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú ìwọ̀n méjèèjì ni ẹ máa sanwó fún.

Dùrù tiyín yẹn gùn ní sẹ̀ǹtímítà 94.5, ó fẹ̀ ní 36.9, ó ga ní 11.8. Ká ní olùtà rí páálí kan tó jẹ́ 105 × 45 × 20. Ìyẹn jẹ́ 94,500. Ẹ fi 5,000 pín in, ó di 18.9, wọ́n á sì sọ ọ́ di 19. Dùrù kílò 4.6 ti di kílò 19 kó tó kúrò ní Manchester. Afẹ́fẹ́ àti fóòmù ni ẹ̀ ń gbé lọ sí Ìbàdàn.

Tí olùtà bá rí páálí tó jẹ́ 100 × 40 × 16, 64,000 ni, ìyẹn kílò 12.8. Ó lé ní kílò mẹ́fà tó lọ láìjẹ́ pé a yọ ohunkóhun kúrò nínú ọjà. Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà, ẹ kọ́kọ́ ní kí olùtà fi téèpù wọn páálí tó fẹ́ lò, kó sọ ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún yín. Èmi kì í rajà lọ́wọ́ ẹni tí kò bá fẹ́ wọn páálí. Ẹni tí kò lè fi téèpù wọn ọn, ṣé ó máa dì í dáadáa ni?

Bàbá Kámẹ́rà

Ìyá Ìbejì ti sọ èyí tó ṣe kókó. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé ìfìwéránṣẹ́ kún un, torí ibẹ̀ ni èmi ń gbà ra lẹ́ńsì mi.

Royal Mail, ilé ìfìwéránṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ìṣirò 5,000 yẹn fún páálí kékeré. Ìlànà tiwọn ni pé kò gbọ́dọ̀ ju kílò 2 lọ, ẹ̀gbẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, bí a bá sì ro gígùn, ìbú àti gíga pọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju 90 lọ. Lẹ́ńsì, fóònù, awò ojú, aago, ìwé, gbogbo wọn ló wọ inú rẹ̀. NIPOST ni yóò gbà á lọ́wọ́ wọn tó bá dé Nàìjíríà, ẹ sì lè lọ gbà á ní pósítọ́fíìsì. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò lè dà bí ti àwọn tó ń kanlẹ̀kùn.

Dùrù ò lè wọ ibẹ̀ láéláé. Ó ti ju 60 lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdí tí iye náà fi fò nìyẹn: bí nǹkan bá ti gùn kọjá ìwọ̀n ilé ìfìwéránṣẹ́, ọwọ́ àwọn oníbàálù ló bọ́ sí. Mo ti rí tírípọ́ọ̀dù tó fúyẹ́ tí owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀ ju ti kámẹ́rà tó wúwo lọ, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ká tán.

Àwọn tó bá ń ra ìwé, ẹ fetí sílẹ̀: Royal Mail ní ètò kan fún ohun tí a tẹ̀ sórí ìwé, tó gba tó kílò 5 lọ sí òkè òkun, ó sì dín owó ju páálí lásán lọ. Àmọ́ ìwé nìkan ni kó wà níbẹ̀. Ẹ má fi ṣẹ́ẹ̀tì kan ká a láti dáàbò bò ó.

Akọrin Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé gan-an. Ìlà méjì ni mo rí lórí eBay, ọ̀kan jẹ́ owó ìfiránṣẹ́, èkejì jẹ́ owó ibodè. Ṣé eBay ló ń gba owó fún kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ni?

Bàbá Kámẹ́rà

Bẹ́ẹ̀ ni, tí olùtà bá ti wọ ètò ìfiránṣẹ́ òkè òkun ti eBay fúnra wọn. Lọ́dún 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì ti yí padà láti ìgbà náà. Olùtà á fi ẹrù ránṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí wọn nínú orílẹ̀-èdè tirẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti gbé e lọ sókè òkun, wọ́n á sì ti gba owó ibodè sílẹ̀ lọ́wọ́ olùrà. Ọkàn olùtà balẹ̀ nítorí pé tó bá ti dé ilé ìkẹ́rùsí, ó ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Olùrà ló ń sanwó ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn.

Ọ̀pọ̀ olùtà kò yàn án tinútinú. Ó kàn wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ọjà sórí rẹ̀, wọn ò sì yọ ọ́. Ẹ kọ̀wé sí i, ẹ bi í bóyá ó lè gbé e lọ sí pósítọ́fíìsì fúnra rẹ̀. Àwọn kan á gbà. Tí ẹ bá sì ń ra ju ẹyọ kan lọ lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ má tíì sanwó. Ẹ béèrè àpapọ̀ iye lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó dì í sínú páálí kan. Bí ẹ bá ti sanwó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọwọ́ ti bọ́.

Ọlọ́jà Kíákíá

Ẹ̀yin ń fi ìṣirò da ara yín láàmú. Ẹ ní kí olùtà kọ "gift" sára rẹ̀, kó kọ £20. Ó tán.

Bàbá Kámẹ́rà

Kò tán o. Tí ẹrù bá sọnù, £20 tí ẹ kọ ni wọ́n máa san fún yín, wọn ò ní san £200 tí ẹ rà á. Àti pé ẹ̀bùn ní òfin tirẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí iye rẹ̀ kò ju £39 lọ, tí ènìyàn kan fi ta ènìyàn kan lọ́rẹ, ni wọ́n ń dá sí. Ní Amẹ́ríkà, $100. Ní orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù, €45. Ohun tí a fi owó rà kì í ṣe ẹ̀bùn, kódà bó jẹ́ náírà kan. Aṣọ́bodè náà ní fóònù lọ́wọ́, ó lè tẹ orúkọ lẹ́ńsì kó rí iye tí wọ́n ń tà á.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Bàbá Kámẹ́rà, ẹ kú àlàyé. Èmi ò tilẹ̀ ní bá a jiyàn lórí ẹ̀tọ́ tàbí àìtọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé olùtà Òyìnbó kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ sínú ìfiránṣẹ́ eBay, àkọsílẹ̀ ti wà. Àwọn kan á fagi lé ọjà náà lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tó jọ tiwa tí wọ́n rí lára àdírẹ́sì.

Ẹ ní kí wọ́n kọ iye tí ẹ san gan-an, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé àlòkù ni. Ìyẹn ló yẹ kí ẹ tẹnu mọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ orúkọ ọjà lásán, tí aṣọ́bodè á fi rò pé tuntun ni, á sì fi iye tuntun lé e lórí.

Ọlọ́jà Kíákíá

Ó dáa, ẹ̀yin àgbà. Mo gbọ́. Àmọ́ Nàìjíríà ti ní $300 lófẹ̀ẹ́ báyìí, àbí irọ́ ni?

Bàbá Kámẹ́rà

Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, àjọ aṣọ́bodè Nàìjíríà sọ pé ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju $300 lọ, tí ènìyàn rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí tó gbé wọlé, kò ní san owó ibodè, títí dé ìgbà mẹ́rin lọ́dún. Ohun tí ìjọba fòfin dè kò sí nínú rẹ̀. Ẹ rí i nísinsìnyí pé ẹni tó bá rajà £90, tó kọ £90, kò ní ìdí tí yóò fi purọ́.

Ẹ ranti pé ìyẹn kò kan owó bàálù o. Owó bàálù wà níbẹ̀ gbọningbọnin.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́rọ̀ dùrù, torí ibi tí ọ̀nà wà nìyí. Ẹ má ra á wá sí Ìbàdàn. Ẹ rà á wá sí Gẹ̀ẹ́sì.

Owó ìfiránṣẹ́ láti Manchester sí London kò tó nǹkan. Ẹ wá ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọ̀rẹ́ ìjọ, ẹnikẹ́ni tó máa ń wà nílé ní ọ̀sán. Òun ló máa gbà á. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò ti lọ sọ́dọ̀ àwọn oníkágò. Peckham àti Old Kent Road kún fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà ní Manchester àti Birmingham. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ní: bàálù, tí wọ́n ń gba owó rẹ̀ ní kílò kílò, àti ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ń gba owó rẹ̀ ní dírọ́ọ̀mù, ní páálí, tàbí ní kúbíìkì mítà. Owó kíliárẹ́ǹsì ti sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè kó dá yín lójú.

Dùrù, ọkọ̀ ojú omi ni. Páálí 105 × 45 × 20 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá kúbíìkì mítà. Afẹ́fẹ́ tó di kílò 19 nínú bàálù kò jẹ́ nǹkan kan nínú kọ̀ńténà. Ẹ má rò pé ẹ lè ki í bọ inú dírọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù yẹn o, gígùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíga dírọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, ìdérí ò ní pa dé. Inú páálí tirẹ̀ ni kó dá wà. Kí wọ́n fi ọ̀rá wé e káàkiri kí wọ́n tó fi sínú páálí, nítorí ìtutù òkun. Oṣù méjì kì í ṣe ohun ìyanu, torí wọ́n á dúró kí kọ̀ńténà kún. Ẹni tó bá fẹ́ fi dùrù kọrin àjíǹde ní oṣù tó ń bọ̀, kó lọ yá ti ṣọ́ọ̀ṣì kejì.

Ibi tó máa ń dun àwọn ènìyàn rèé. Ìdáàbòbò olùrà lórí eBay dúró sí àdírẹ́sì àkọ́kọ́. Bí ẹrù bá ti dé London, tí wọ́n sì tún un fi ránṣẹ́ síbòmíràn, eBay ò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Ẹni tó gbà á ní London ló gbọ́dọ̀ tú u, kó tan iná sí i, kó tẹ gbogbo bọ́tìnnì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó ya fídíò. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni eBay fún olùrà láti sọ pé ọjà kò rí bí wọ́n ṣe sọ. Vinted, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta aṣọ àti bàtà àlòkù, kò tilẹ̀ fún un tó bẹ́ẹ̀: ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e dé. Mo mọ ẹni tí páálí Vinted rẹ̀ sùn sẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ̀lẹ́bí ní Lewisham títí owó fi bọ́ sápò olùtà. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wà nínú rẹ̀.

Alábòójútó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ nọ́ńbà oníkágò kankan síbí. Ẹ fi ránṣẹ́ síra yín ní kọ̀rọ̀. A ti yọ mẹ́ta kúrò láàárọ̀ yìí.

Aránṣọ Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ Juki àlòkù ni tèmi, irú tí wọ́n ń lò ní iléeṣẹ́. Ṣé ìṣirò páálí yẹn kan èmi náà? Mo sì tún fẹ́ kí wọ́n fi aṣọ àlòkù díẹ̀ dí àyè tó bá kù.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Tiyín yàtọ̀, irin ni. Ẹ wò ó: páálí 65 × 30 × 55 jẹ́ 107,250, tí a bá fi 5,000 pín in, kílò 21.45. Orí Juki fúnra rẹ̀ ń lọ sí kílò 30. Nítorí náà òṣùwọ̀n ló máa borí, bí ẹ ṣe gé páálí kúrú tó kò ní dín owó kù. Ọkọ̀ ojú omi náà ni, láìjiyàn. Ẹ fi tábìlì rẹ̀ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, káfíńtà Òṣogbo á kan òmíràn.

Ẹ ní kí wọ́n fa òróró inú rẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó dì í. Òróró tó bá ń kán nínú páálí, oníkágò lè kọ̀ ọ́, á sì ba ẹrù ẹlẹ́rù jẹ́.

Ti aṣọ, ẹ má dán an wò. Aṣọ àlòkù wà nínú ohun tí ìjọba Nàìjíríà fòfin dè pé kò gbọ́dọ̀ wọlé. Tí wọ́n bá rí i, ẹ̀rọ tó bófin mu á bá aṣọ dúró sí bodè.

Ọlọ́jà Kíákíá

Ẹ̀yin ará, ọjà aṣọ àlòkù Katangua ní Lagos ńkọ́? Ṣé orí igi ni aṣọ yẹn ti ń so?

Aránṣọ Òṣogbo

😂 Mo ti yọ aṣọ kúrò. Ẹ̀gbọ́n kan tún sọ fún mi pé kí n wo mọ́tò rẹ̀ dáadáa.

Mẹkáníìkì Ẹ̀rọ Ìránṣọ

Òótọ́ ló sọ fún yín. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti iléeṣẹ́ jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, mọ́tò iná féèsì mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tà á lówó pọ́ọ́kú, torí aránṣọ ilé níbẹ̀ náà kò lè lò ó. Ẹ wo àwòrán àkọlé pẹlẹbẹ tó wà lára mọ́tò kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ féèsì mẹ́ta, ẹ ra orí nìkan, kí ẹ ra mọ́tò ní Lagos. Mọ́tò wúwo, ẹ óò tún rí ìdínkù owó ọkọ̀ nínú ìyẹn.

Àwọn tó fẹ́ràn Singer àtijọ́ onírin, tí wọ́n ṣe ní Clydebank ní Scotland, ẹ óò rí i lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà míràn lórí Facebook Marketplace, "ẹ kàn wá gbé e." Lọ́fẹ̀ẹ́ ni títí ẹ ó fi gbé e dé orí òṣùwọ̀n oníkágò. Iléeṣẹ́ Clydebank ti kógbá sílé láti ọdún 1980, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe síbẹ̀ ṣì ń rán aṣọ ọdún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n mi ò ní sanwó bàálù lé e.

Ará Houston

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìhà ọ̀dọ̀ wa, nítorí ọ̀pọ̀ ní Nàìjíríà ló ń rò pé Amẹ́ríkà ló dínwó jù nígbà gbogbo.

Ti owó orí ọjà ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ibi tí wọ́n ń gbé ẹrù lọ ni eBay fi ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe ibi tí olùrà ń gbé. Delaware, Oregon, New Hampshire àti Montana kò ní owó orí ọjà ti ìpínlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń gba ẹrù fún ará òkè òkun fi lọ fi ilé ìkẹ́rùsí sí Delaware àti Oregon. Bí ẹ bá fi Houston ṣe àdírẹ́sì, ẹ óò san owó orí Texas lórí ohun tí ẹ kò ní lò ní Texas. Ẹ kàn rántí ohun tí Ìyá Ìbejì sọ: tó bá ti kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí yẹn, ìdáàbòbò eBay ti parí, kò sì sí àbúrò kankan tó máa tan iná sí i fún yín níbẹ̀. Ẹni tó ń gba páálí níbẹ̀, páálí ló ń kà.

Iná wa níbí jẹ́ fóòtì 120. Tiyín jẹ́ 230. Dùrù, ẹ̀rọ ìlọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹ bá rà níbí, ẹ ka owó ẹ̀rọ tó ń yí iná padà mọ́ ọn. Fún ohun tó bá ń lo iná, Gẹ̀ẹ́sì ló dáa jù. Kọ̀ǹpútà alágbèéká àti fóònù kò ní ìṣòro yẹn, ṣájà wọn gba méjèèjì. Ìṣòro tiwọn ni bátìrì. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ẹ̀rọ, kí ẹ pa á. Bátìrì tó dá wà àti pawa báǹkì, ọ̀pọ̀ kì í fi bàálù gbé e, ẹ má sì gbé e pamọ́ sáàárín aṣọ.

Olólùfẹ́ Àwo, Chicago

Ará Houston, ẹ̀yin ti àwọn tó ń rajà wọ Amẹ́ríkà ńkọ́? Èmi ń ra àwo àpàlà àti jùjú àtijọ́ lórí Discogs, ìkànnì àwọn tó ń ta àwo orin, lọ́wọ́ àwọn olùtà ní London, Paris àti Holland. Tẹ́lẹ̀, ohun tí kò bá ju $800 lọ, kò sí ẹni tó bi mí léèrè. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n dá ìyẹn dúró, àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ Yúróòpù kan sì kọ̀ láti gba páálí tó ń bọ̀ níhìn-ín rárá fún ìgbà díẹ̀.

Ará Houston

Nígbà tí wọ́n fi òfin pàjáwìrì gbé owó ibodè tuntun kalẹ̀ lọ́dún 2025, wọ́n yọ ìwé, àwo orin, fọ́tò àti iṣẹ́ ọnà sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ ní kí olùtà kọ ọ́ kedere sára fọ́ọ̀mù pé àwo orin àlòkù ni, kó sì kọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Tó bá kọ "music" tàbí "collectible" lásán, ẹ̀rọ wọn lè kà á mọ́ ohun míràn.

Owó ìfiránṣẹ́ àwo, àwo àkọ́kọ́ ló máa ń jẹ ẹ́. Páálí pẹlẹbẹ yẹn àti ìwọ̀n rẹ̀ ti wà níbẹ̀ bóyá àwo kan ni tàbí mẹ́ta. Ẹ kó wọn jọ lọ́wọ́ olùtà kan. Kí wọ́n yọ àwo kúrò nínú àpò rẹ̀, kí wọ́n fi sẹ́yìn àpò náà, kí etí àpò má baà ya lójú ọ̀nà. Etí tó bá ya, iye àwo ti lọ sílẹ̀.

Ọmọ Leeds

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ń ra aṣọ òkè àtijọ́ láti Amẹ́ríkà wá sí Leeds. Wọ́n tún gba owó lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ohun tó bá ju £135 lọ ni. VAT 20% wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀ lórí owó aṣọ pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́. Ká ní aṣọ jẹ́ £150, tí ìfiránṣẹ́ jẹ́ £30. 20% lórí £180 jẹ́ £36. Royal Mail á gba £8 tiwọn fún bíbá yín san án sílẹ̀. £44 nìyẹn, kí a tó ka owó ibodè tó bá kan irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè bóyá olùtà lè ta ìró àti gèlè lọ́tọ̀, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó bá jẹ́ pé lọ́tọ̀ ló kọ́kọ́ gbé wọn sórí rẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú o. Àwa tí a wà ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, ilẹ̀ Faransé la ti ń rajà jù, lórí Leboncoin, ìkànnì ọjà àlòkù tiwọn, ẹ̀gbọ́n tó wà níbẹ̀ á gbà á. Àǹfààní kan tí a ní tí ẹ̀yin ò ní ni pé owó sẹ́fà so mọ́ yúrò: yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957, kì í yí. Iye tí mo bá rí lónìí ni mo máa san lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn àna mi ní Ìpókíá á ná ọjà tán, kí wọ́n tó rí owó san, náírà ti lọ síbòmíràn. VAT tiwa ní Benin jẹ́ 18%, ó pọ̀, ẹ má ṣe ìlara wa jù.

Ẹ sì jọ̀ọ́, àwọn tó ń bi mí ní kọ̀rọ̀ pé kí n gba aṣọ fún wọn láti Missèbo, ọjà aṣọ àlòkù Kútọnu, gba bodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá: rárá. Ìyá Ìbejì ti dáhùn rẹ̀ lókè.

Akọrin Mọ́kọ́lá

Mo ti kọ̀wé sí olùtà. Ó wọn páálí tó ní nílé: 102 × 42 × 18. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra mi, 77,112, kílò 15.4 tó bá jẹ́ bàálù. Àbúrò bàbá mi wà ní Croydon, ó ní òun á gbà á, òun á sì tẹ̀ ẹ́ wò, onídùrù ni òun náà nígbà èwe. Ọkọ̀ ojú omi la máa bá lọ. Mo bi oníkágò: Lagos ni iye tó pè parí sí, mo máa sanwó wéébìlì dé Ìwó Road.

Ó ku nǹkan kan. Olùtà ní ìdúró onírin rẹ̀ wà níbẹ̀, òun á fi ta mí ní £10. Ṣé kí n gbé e?

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ fi sílẹ̀ sà. Irin ni, kì í ká dé ibi tó yẹ, yóò sì sọ páálí kan di méjì. Wẹ́dà àdúgbò yín á jó òmíràn. Àdápítọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ rí i dájú pé ó wà nínú páálí. Pílọ́ọ̀gì Gẹ̀ẹ́sì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọ sókẹ́ẹ̀tì yín láìwá ohunkóhun kún un, ẹ ní kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó.